Géèmù adẹ́rùbani 2D fún jàm oníwákàtí 72: ẹ gbà wá nímọ̀ràn o

PixelLagere:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́ta la fẹ́ wọ jàm kan, ìyẹn ìdíje ká ṣe géèmù láàárín àkókò díẹ̀, lórí itch.io, ìkànnì tí wọ́n ń gbé géèmù sí, wákàtí 72 ni, alẹ́ Friday ni wọ́n máa sọ àkòrí, alẹ́ Monday ni wọ́n máa tilẹ̀kùn. 2D la fẹ́ ṣe torí láptọ́ọ̀pù wa ò lè gbé 3D, tèmi gan-an tí mo bá ṣí Chrome mọ́ Godot (ohun tá a fi ń ṣe géèmù) pọ̀ ńṣe ni máòsì máa ń dúró sójú kan tí màá sì máa bẹ̀ ẹ́. Èmi ni mò ń kọ kóòdù, ọ̀rẹ́ wa obìnrin kan ló ń yàwòrán, ẹnì kẹta ò mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì àmọ́ ó lóhùn, inú kúáyà ló wà.

Ohun tá a ti rò sílẹ̀ nìyí: ọmọ yunifásítì kan há sínú ọgbà OAU ní Ifẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, ó fẹ́ dé géètì, ó máa gba fákọ́tì mẹ́rin kọjá, iwin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà ní ìkọ̀ọ̀kan, ó níbọn, ó ní àpò tó ń kó nǹkan sí, oríṣi mẹ́ta sì ni ìparí ẹ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe àbí a kàn ń tan ara wa?

IyaKoodu:
Ẹ kú ìmúra o. Àbúrò, iṣẹ́ oṣù mẹ́fà lo kọ síbẹ̀ yẹn. Gé e. Gé e títí ó fi máa dùn ẹ́. Ilé kan, ohun abàmì kan, òfin kan tí ẹni tó ń gbá a ń bẹ̀rù láti rú, ó parí. Àwọn tó máa fún yín ní máàkì ní géèmù rẹpẹtẹ tí wọ́n fẹ́ wò, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ni wọ́n máa lò lórí tiyín, tí ohun tó dùn bá wà ní fákọ́tì kẹta, wọn ò ní débẹ̀ láéláé.

Ìbọn yẹn ni kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ jù nù. Ẹni tó bá níbọn lọ́wọ́ ti di ọdẹ nìyẹn, ta ló ń bẹ̀rù ẹran tó fẹ́ pa? Àpò náà, ẹ jù ú nù, àpò lásán lè jẹ odindi ọjọ́ kan lọ́wọ́ ẹ, kó o máa to àpótí sórí àpótí.

Bó ṣe yẹ kó lọ lójú tèmi: alẹ́ Friday, ẹ má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, bébà àti bírò ni. Kó tó di ọ̀sán Saturday, èèyàn gbọ́dọ̀ lè gbá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpótí aláwọ̀ pupa ni iwin yín. Alẹ́ Sunday, ẹ ti ìlẹ̀kùn mọ́ gbogbo ohun tuntun, ẹnikẹ́ni tó bá tún ní "mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kan nǹkan" ẹ ní kó lọ sùn. Monday, àtúnṣe, ìró, àti gbígbé e jáde nìkan. Ẹ má gbàgbé láti máa ṣe kọ́pì sórí flash ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá dìde lọ jẹun, ẹ mọ bí iná ṣe rí.

OmoObokun:
Ọ̀rọ̀ Ìyá ti délẹ̀. Èmi ò sí ní Ifẹ̀ o, Iléṣà ni mo wà, ẹ má bínú pé mo bá yín dá sí i 😂

Ẹ fi ọgbà yunifásítì sílẹ̀, ẹ mú ilé àtijọ́, face-me-I-face-you, pásééjì kan gbọọrọ, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, gílóòbù kan ṣoṣo láàárín, kíṣìnì lẹ́yìnkùlé. Kò sí ibi tó rọrùn yàwòrán fún 2D tó o. Ọ̀rẹ́ yín máa ya ilẹ̀kùn kan, ògiri kan tí ọ̀dà ẹ̀ ti ń bó, sìmẹ́ńtì ilẹ̀ kan, ó ti tán, ẹ máa tò ó lọ. Ẹ wá yí nǹkan kékeré kan padà níwájú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan: sálúbàtà kan wà níwájú ìkẹta, kọ́tìnì ìkẹrin ń mì bẹ́ẹ̀ sì ni atẹ́gùn ò fẹ́, wọ́n lẹ kàlẹ́ńdà òkú àgbà kan mọ́ ìkarùn-ún.

Tí ẹni tó ń gbá a bá tún kọjá lẹ́ẹ̀kejì, kí sálúbàtà tó kọjú síta lẹ́ẹ̀kan ti kọjú sínú. Flip_h lásán ni nínú kóòdù, òun ló ń yí àwòrán kọjú sápá kejì, kò ná yín ní àwòrán tuntun kankan. Ẹ má fi ìró sí i, ẹ má tan iná sí i, ẹ kàn fi í síbẹ̀. Ẹni tó bá rí i á dúró. Ẹni tí ò rí i, kò burú, lẹ́ẹ̀kẹta ẹ fi sálúbàtà sí iwájú gbogbo ilẹ̀kùn.

Àti pé ẹ fi ojú géèmù yín sí 320 lọ́nà 180 pixel, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Ìlọ́po mẹ́rin ẹ̀ jẹ́ 1280 lọ́nà 720, ìlọ́po mẹ́fà ẹ̀ jẹ́ 1920 lọ́nà 1080, pixel yín ò ní wọ́ lójú skírìnì tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Àwọ̀ márùn-ún ti tó, ọ̀rẹ́ yín á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

PixelLagere:
Ẹ̀gbọ́n sálúbàtà yẹn ti ba oorun mi jẹ́ báyìí. Àmọ́ ó dùn wá láti fi OAU sílẹ̀ o, ilé yẹn rẹwà.

OmoObokun:
Tó bá jẹ́ dandan, ilé kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú, Humanities. Ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́: bó ṣe ń lọ sókè ló ń fẹ̀ sí i, àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, Arieh Sharon tó yàwòrán ilé náà fẹ́ kí òkè máa ṣíji bo ìsàlẹ̀ nítorí oòrùn. Nínú 2D, ìyẹn ni pé bí ẹni náà bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ kó lè sá jáde ni pásééjì á máa kúrú sí i, tí ohun tó ń lé e á sì máa sún mọ́ ọn. Àjà kọ̀ọ̀kan ń le ju ti òkè ẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹ kọ kóòdù kan kún un. Àmọ́ èmi ṣì fara mọ́ face-me-I-face-you, ẹ fi eléyìí pa mọ́ fún jàm mìíràn.

EtiMayfair:
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ àwòrán. Etí lẹ̀rù ń gbà wọlé jàre! Ẹ pa ohùn géèmù adẹ́rùbani èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá ní, kẹ́ ẹ wá máa gbá a lọ, ẹ̀rín ló máa pa yín.

Ohun tí màá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀, I-better-pass-my-neighbour ti ilé kejì. Ẹ jẹ́ kó máa dún láti ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ògiri, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tó bá fi máa pé ìṣẹ́jú kan ẹni tó ń gbá a ò ní gbọ́ ọ mọ́ torí gbogbo wa ni jẹnẹrétọ̀ ti mọ́ lára. Tí nǹkan bá wá fẹ́ ṣẹlẹ̀, kó máa ṣe kọ́lọkọ̀lọ bí epo ṣe ń tán nínú ẹ̀, kó gbóhùn sókè lẹ́ẹ̀kan bí wọ́n ṣe máa ń ṣe yẹn, kó wá kú. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, ẹ má fi nǹkan kan sí i. Rárá, ẹ fi kòkòrò alẹ́ díẹ̀ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á rò pé hẹ́dífóònù òun ló bàjẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fi síbẹ̀, kódà kẹ́ ẹ ju ìdérí ìkòkò sílẹ̀, ó máa fò.

Fóònù yín ti tó láti fi gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wọ abẹ́ aṣọ ìbora, ẹ ṣe é lẹ́yìn aago méjìlá òru kó tó di pé wọ́n pe ìrun. Ṣíbí irin tí wọ́n fà lójú abọ́ irin, ẹ gbé e sínú Audacity, áàpù tí wọ́n fi ń tún ìró ṣe, ẹ dín eré ẹ̀ kù sí ìdajì, ẹ yí i kó máa dún láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ohùn ọmọ kúáyà yín náà ń kọ́? Ẹ ní kó fa mímí nìkan. Irú faìlì ìró tẹ́ ẹ máa lò: ìró kúkúrú, WAV. Èyí tó gùn tó ń yí po, OGG. Nínú Godot, AudioStreamPlayer2D ni kẹ́ ẹ lò fún ohun abàmì yẹn, tó bá wà lápá òsì ẹni náà á gbọ́ ọ ní etí òsì, tó bá jìnnà ìró ẹ̀ á lọ sílẹ̀. Max_distance ẹ̀, ìyẹn ibi tí ìró ẹ̀ lè jìnnà dé, máa ń jẹ́ 2000 pixel tẹ́ ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, skírìnì yín ò ju 320 lọ, ẹ bá mi dín in kù o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ níbi gbogbo nínú ilé ni wọ́n á ti máa gbọ́ ọ bákan náà.

KekereShader:
Ẹ̀gbọ́n EtiMayfair, mo gbọ́ pé tí wọ́n bá fi ìró tí ohùn ẹ̀ jinlẹ̀ gan-an, 19 Hz, sí abẹ́ orin, èèyàn á máa rí òjìji. Ṣé kí wọ́n dán an wò?

EtiMayfair:
Hà, ọ̀rọ̀ yìí ò lè kú láé. Vic Tandy, ọ̀gbẹ́ni ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì kan, ló kọ ọ́ jáde lọ́dún 1998, fáànù kan níbi iṣẹ́ wọn ló sọ pé ó ń mú ìró náà wá. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bíi 20 Hz ni etí èèyàn ti ń gbọ́ràn, sípíkà láptọ́ọ̀pù àti ti fóònù ò sì lè gbé nǹkan tó wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ máa sun agbára kọ̀ǹpútà dànù ni.

Ajoke_dev:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ìyá ní òfin kan, mo ní ọ̀kan tẹ́ ẹ ò ní ra. Gbogbo wa la gbọ́ ọ láti kékeré: tí wọ́n bá pè ọ́ lóru tí o ò rí ẹni tó ń pè, má dáhùn. Ẹ fi ìyẹn ṣe gbogbo géèmù.

Níbẹ̀rẹ̀, ẹni tó fẹ́ gbá a máa mú orúkọ kan nínú márùn-ún, Túndé, Bísí, Kẹ́mi, Délé, Ṣadé. Ẹ ní kí ọmọ kúáyà yín pe gbogbo wọn sínú fóònù, oríṣi ohùn mẹ́ta fún ìkọ̀ọ̀kan, wákàtí kan péré. Iná ti lọ, ìyá ẹ wà ní kíṣìnì pẹ̀lú àtùpà, ìwọ wà ní yàrá iwájú, o fẹ́ gba pásééjì kọjá lọ bá a. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni, Dáhùn. Tí wọ́n bá pè ẹ́ bọ́tìnì yẹn á máa mì tìtì lójú skírìnì bí ẹni pé dandan ni kó o tẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ìyá ẹ náà ń pè ẹ́! Tó ò bá dá ìyá ẹ lóhùn, á rò pé o ti sùn, á gbé àtùpà kúrò níbẹ̀, òkùnkùn á wá pọ̀ sí i. Báwo lo ṣe máa mọ ti ìyá ẹ? Oríkì ló fi ń pè ẹ́. "Àjọkẹ́ o!" "Àkànní!" Ohun tó wà nínú òkùnkùn yẹn, orúkọ lásán ló mọ̀, torí orúkọ ni wọ́n máa ń ké níta kí ayé gbọ́.

Tó bá wá ku díẹ̀ kó dé kíṣìnì, ohun yẹn ti gbọ́ oríkì ẹ lẹ́nu ìyá ẹ tó.

PixelLagere:
😭😭😭 Àǹtí ẹ jọ̀ọ́. A ti mú un. Ó ti tán. Ilé Ẹ̀gbọ́n Ọbòkun, òfin Àǹtí Àjọkẹ́.

OmoObokun:
Ó dáa gan-an, àmọ́ ìrẹ́jẹ wà nínú ìparí yẹn. Tí ohun náà bá mọ oríkì, kí ni ẹni tó ń gbá a máa fi mọ ìyàtọ̀? Wọ́n á ní géèmù yín kì í ṣòótọ́, wọ́n á fún yín ní ìràwọ̀ méjì.

Ajoke_dev:
Sálúbàtà yín ńkọ́, sà? Ìyá máa ń wọ́ sálúbàtà kó tó pè é, ṣàá, ṣàá, lẹ́yìn náà "Àjọkẹ́". Láti ìpè àkọ́kọ́ ni ìró ẹsẹ̀ yẹn ti wà níbẹ̀, a ò kàn ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ni kí wọ́n máa gbọ́. Ohun tó wà nínú òkùnkùn ò lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá kú lẹ́ẹ̀kan á padà wá, á tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, á sì rí i pé a ti ń sọ fún òun tipẹ́.

OmoObokun:
Mo ti gbà. Mo dọ̀bálẹ̀.

AraIlode:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọmọdé, ohun kan ni mo fẹ́ sọ. Kò sí Orò nínú eléyìí, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo ti rí àwọn kan tí wọ́n ń wá ìró Orò kiri láti fi sínú fídíò, kò dáa, ẹ̀yin gan-an lẹ ní obìnrin wà láàárín yín. Ọ̀rọ̀ ọdún Ẹ̀dì Ifẹ̀ náà, nǹkan ìlú ni, ẹ má sọ ọ́ di iwin. Tẹ́ ẹ bá ń wá ohun abàmì tó lórúkọ, egbére wà nínú àlọ́ fún gbogbo ènìyàn, ó ń sunkún kiri, ẹní ẹ̀ wà lọ́wọ́, ẹni tó bá gba ẹní náà á lówó. Ìyẹn náà á ṣe géèmù tó dùn.

PixelLagere:
Ẹ ṣé bàbá, a gbọ́. A ò ní fún ti wa lórúkọ kankan, a ò sì ní fi í hàn.

KekereShader:
Ẹ má fi í hàn lóòótọ́, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wà nínú kóòdù o, ẹ má kàn máa fi random pe orúkọ. Kó ní ibi tó wà, kó máa rìn, kó máa gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni náà. Ẹ wo Pac-Man tí Namco ṣe lọ́dún 1980: ní léfẹ̀lì àkọ́kọ́ àwọn iwin yẹn máa ń kọ́kọ́ lọ sí igun wọn fún ìṣẹ́jú-àáyá 7, wọ́n á wá lé ẹ fún 20, wọ́n á tún padà. Ẹni tí wọ́n ń lé láìdúró, ẹ̀rù kì í bà á mọ́, inú ló máa ń bí i. Ẹ jẹ́ kí ti yín náà máa lọ kó máa bọ̀.

Eré: kí ẹni náà máa rìn ní 40 pixel ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn á gbé e la skírìnì kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá 8. Tó bá sáré, 75. Ohun náà, 60. Èyí túmọ̀ sí pé ó lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́, àmọ́ eré ń dún, á sì gbọ́. Ẹ gbá a fúnra yín kẹ́ ẹ wá tún nọ́ńbà yẹn ṣe, mi ò bá yín jókòó.

Iná: CanvasModulate ni kẹ́ ẹ fi sọ gbogbo ilé di òkùnkùn, PointLight2D fún tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹni náà àti àtùpà ìyá. Ẹ má lo dúdú kirikiri, ẹ lo búlúù tó ṣú dáadáa, torí ọ̀sán gangan ni ẹlòmíì máa gbá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò ní rí nǹkan kan. Tí gílóòbù pásééjì bá máa ṣẹ́jú, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, iná tó ń ṣẹ́ wàìwàì ju ìyẹn lọ lè mú kí wárápá gbé ẹlòmíì. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣí project tuntun, Compatibility ni kẹ́ ẹ mú nínú àwọn ọ̀nà tí Godot fi ń gbé àwòrán jáde, òun ni láptọ́ọ̀pù àtijọ́ lè gbé, òun náà nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú bíráúsà.

PixelLagere:
Ẹ ṣé gan-an. Jumpscare, kí nǹkan yọ sí èèyàn lójijì, ńkọ́? Ọ̀rẹ́ wa ti ya ojú kan tó burú gan-an.

EtiMayfair:
Ẹ fi ṣe àwòrán ìta lórí itch.io, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́.

Ajoke_dev:
Rárá o, ẹ má fi ojú náà sí ibì kankan. Tí wọ́n bá ti rí i, ó ti di àwòrán pixel nìyẹn.

IyaKoodu:
Mo wà lẹ́yìn Àjọkẹ́ nínú géèmù, mo wà lẹ́yìn EtiMayfair lóde. Ọmọ náà ti ṣiṣẹ́ lórí àwòrán ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó lọ lásán.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni àwọn tí kì í ṣe Yorùbá. Wọn ò mọ̀ pé èèyàn kì í dáhùn lóru, wọ́n á tẹ bọ́tìnì yẹn lọ́gán, wọ́n á kú, wọn ò sì ní mọ ìdí. Ẹ má kọ ìtọ́ni gbọọrọ. Ẹ fi ọmọ ayálégbé kan sí yàrá kejì, kí wọ́n pè é, kó dáhùn "Mà!", kí ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣí, kí tọ́ọ̀ṣì ẹ̀ jáde sí pásééjì, kí ó kú. Ẹ ò ní sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ mọ́. Ẹ wá kọ Gẹ̀ẹ́sì sí abẹ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kí ohùn fúnra ẹ̀ wà ní Yorùbá.

PixelLagere:
Mà, ìyẹn rán mi létí, fọ́ǹtì pixel tá a dáńlóòdù ò ní ẹ, ọ, ṣ rárá, àpótí òfìfo ló ń kọ. Àwọn tó ní ẹ náà, tí mo bá gbé àmì sórí ẹ̀ ó máa ń fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

IyaKoodu:
Ohun tó fà á ni pé kò sí ẹ́ tàbí ọ̀ tí wọ́n dà pọ̀ sójú kan, lẹ́tà onídòó ni, wọ́n wá gbé àmì lé e lórí, fọ́ǹtì náà gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa gbé e sí. Godot 4 mọ̀ ọ́n ṣe, fọ́ǹtì yín ni kò mọ̀ ọ́n. Ẹ lo Noto Sans. Kò jọ pixel, ẹ fara mọ́ ọn. Ẹ fi stretch mode, bí Godot ṣe ń na àwòrán kó kún skírìnì, sí canvas_items, ọ̀rọ̀ á wá ṣe kedere, torí tẹ́ ẹ bá fi sí viewport, inú 320 lọ́nà 180 yẹn ló máa ya lẹ́tà sí, àmì òkè àti dọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra. Ẹ dán an wò pẹ̀lú "Àjọkẹ́" àti "Ṣadé" nísinsìnyí, ẹ má dúró di Monday.

PixelLagere:
Ó ti ṣiṣẹ́! Ó kù kan. Tá a bá gbé e sí bíráúsà, jẹnẹrétọ̀ ò dún níbẹ̀rẹ̀, àfi tí mo bá tẹ nǹkan. Lórí láptọ́ọ̀pù ó ń dún.

KekereShader:
Bíráúsà ni, kì í jẹ́ kí ìró jáde títí ẹni náà á fi tẹ nǹkan. Ẹ fi ojú ewé kan síwájú, "Wọ hẹ́dífóònù, kó o wá tẹ ibí." Ibẹ̀ náà ni kí wọ́n ti mú orúkọ wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e jáde, ẹ sọ faìlì yẹn ní index.html, ẹ di gbogbo ẹ̀ sínú zip kan, ẹ sì mú ẹ̀yà web tí kò ní threads (ṣíṣe iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà), ó ti wà láti Godot 4.3, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè má ṣí fún àwọn kan. Ẹ gbé e sókè ní ọ̀sán Monday tó bá tiẹ̀ jẹ́ ààbọ̀ ni, kẹ́ ẹ ṣí i lórí fóònù ẹlòmíì wò. Ẹ lè máa pààrọ̀ faìlì títí wọ́n á fi tilẹ̀kùn.

OmoObokun:
Ẹ fi línkì síbí tó bá jáde o. Èmi ò ní gbá a lálẹ́ ṣá, mo ti sọ fún yín irú ilé tí mò ń gbé.